Ṣé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn fún ẹni tó ń rọbí léwu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Oyún àkọ́kọ́ mi ti pé oṣù méje. Ó wù mí kí n gba epidural, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń pa ìrora, tí mo bá ń rọbí, àmọ́ ìyá ọkọ mi ní ẹ̀yìn ni yóò máa dun ẹni tó bá gbà á títí ayé, pé iṣẹ́ abẹ náà ló sì máa ń já sí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó tiẹ̀ ń pa ìrora ọ̀hún?

Ìdáhùn: Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ẹ bá mi kí Màmá. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí.

Ẹ̀yìn máa ń dun ọ̀pọ̀ abiyamọ, àtẹni tó gba abẹ́rẹ́ àtẹni tí kò gbà á. Oyún ti fa ẹ̀yìn náà fún oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ gbígbé tún dé. Ojú ibi tí a gún lè máa ro yín fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn méjèèjì wéra, wọn ò rí i pé epidural ń fa ẹ̀yìn dídùn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kì í sọ ìbí di iṣẹ́ abẹ náà. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fi kún àkókò tí ẹ máa fi rin ọmọ jáde.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra, ẹ ó sì tẹ ẹ̀yìn bíi ológbò tínú ń bí. Màá kọ́kọ́ pa ojú ibẹ̀ kú, kí n tó fi abẹ́rẹ́ wá àlàfo kékeré kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò dé. Tí ìrora bá gbé dìde lásìkò yẹn, ẹ pariwo kí n gbọ́. Màá dúró kó kọjá. Abẹ́rẹ́ ò ní gbé ara yín o, rọ́bà tín-ín-rín ló máa kù síbẹ̀ tí oògùn ń gbà wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20, ìrora á ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lè mọ̀ pé nǹkan ń tẹ̀ yín nísàlẹ̀. Nínú èèyàn 10, ó lè mú apá kan dá apá kejì sí lára bí ẹnì kan, a ó wá tún un ṣe.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì, ìdí nìyí tí a fi ń fa omi síni lára. Ara lè máa yún yín, tàbí kó gbóná. Ìtọ̀ lè ṣòro, nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà gbà á. Èyí tí èmi fúnra mi kórìíra jù ni orí fífọ́: nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni abẹ́rẹ́ ti máa ń lu awọ tó di omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn mú, tí omi náà á máa jò. Tẹ́ ẹ bá jókòó, orí á máa fọ́; tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, á rọlẹ̀. Tí kò bá lọ, a lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín ká gún un síbẹ̀ láti fi dí ihò náà. Kí iṣan ṣèṣe títí láé ṣọ̀wọ́n gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ̀jẹ̀ yín kì í tètè dá, ẹ sọ ọ́ báyìí, kó má jẹ́ inú ìrọbí la ti máa gbọ́. Kí ẹ sì bi ilé ìwòsàn yín: ṣé dókítà tó ń gún un máa ń wà lóru, ta ni yóò sì máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi àti bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù lẹ́yìn tó bá lọ?