Ṣé ó yẹ kí tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì kó gbogbo píìkì rẹ̀ (ẹ̀tọ́ láti mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dọọdún) lé stáà kan lórí?

Ó dá lórí ọjọ́ orí ẹ̀ àti ẹni tó máa ṣẹ́kù tì í o. Ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, tíìmù Toronto fi DeRozan tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn àti nǹkan díẹ̀ gba stáà Kawhi Leonard ní 2018, wọ́n gba ife ní 2019, Kawhi bá tiẹ̀ lọ, ta ló ń bínú? Brooklyn ńkọ́, 2013 ni wọ́n kó píìkì rẹpẹtẹ fún Boston torí Garnett tó ti pé ọmọ ọdún 37 àti Pierce, àwọn píìkì yẹn náà ni Boston fi rí Jaylen Brown àti Tatum tí wọ́n fi gba ife 2024. A jiyàn ẹ̀ ní Rowe Park ní Yábàá títí bọ̀ọ̀dá kan fi gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìbínú. Témi ni pé tí stáà bá ti lé ní ọmọ ọdún 33, mi ò ní fi ju píìkì méjì lọ gbà á.