Bàbá Ní Kí A Jẹ́ Kí Àwọn Máa Lọ

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹjẹrẹ próstéètì ló ń ṣe bàbá wa, ó ti wọ eegun. Bílẹ̀ bá ti ṣú, igbe ni. Wọ́n ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní lọ́dọ̀ àwọn, dókítà máa ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóògùn tí yóò fi sùn lọ, pé kí n wá nọ́ọ̀sì tó lè bá wa ṣe é nílé. Àǹtí wa àgbà ní ọlọ́pàá lòun máa pè. Èmi ni mò ń sùn ti Bàbá. Ṣé ìkà ni, àbí àánú?
Àbígbẹ̀yìn, Ìgbógbó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ẹ má wá nọ́ọ̀sì kankan.

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Netherlands àti Belgium ti fàyè gbà á láti 2002, Kánádà láti 2016. Ní Kánádà náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń béèrè, onímọ̀ ìṣègùn méjì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó ń tì í. Níbí, ìpànìyàn ni, kódà kí Bàbá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti para rẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ìwà ọ̀daràn kọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín yẹn ló ká mi lára. Ẹ jókòó ti Bàbá lọ́sàn-án, nígbà tí ara bá rọ̀ wọ́n díẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé èwo gan-an ni ẹ̀sín. Ṣé ìrora ni? Ṣé pampers tí ọmọ ń pààrọ̀ fún wọn ni? Àbí owó? Mo ti rí àgbàlagbà tó di oògùn mú lọ́wọ́, tí kò gbé e mì, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n rà á. Níbi tó jẹ́ pé àpò ọmọ ni ìtọ́jú ti ń jáde, báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ̀ bóyá ikú ló wu baba, àbí gbèsè ọmọ ló ń sá fún? Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn kí wọ́n sọ ọ́ di òfin lọ́dọ̀ wa.

Mo tọ́jú bàbá kan rí ní Ìjẹdẹ tó ń bẹ̀ wá lójoojúmọ́ pé ká pa òun. Ìgbà tí dókítà kọ mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, fún un, tí a ń fún un lásìkò lásìkò láìdúró de igbe, ó ní kí wọ́n gbé rédíò òun wá. Kò pẹ́ ló ń bá ọmọ rẹ̀ jà lórí ilẹ̀ kan ní Àgúrá. (Ìjà ọ̀hún le o!) Ó padà kú, àmọ́ kò bẹ̀ wá mọ́.

Ẹ béèrè mọ́fíìnì yìí lọ́wọ́ dókítà Bàbá. Bí wọ́n bá lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, kì í ṣe oògùn ikú. Ó máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà kí wọ́n kọ oògùn ìyàgbẹ́ mọ́ ọn. Ẹ béèrè ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy) pẹ̀lú, ó máa ń dín ìrora eegun kù. Wọ́n ń ṣe é ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Ẹ tètè jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 tó gbá yín mú.

Bí Bàbá bá ní àwọn ò fẹ́ abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ mọ́, tí orí wọn ṣì pé, ìyẹn kì í ṣe ìpara-ẹni. Ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. Kí Àǹtí má pe ọlọ́pàá sí ìyẹn.

Àwọn kan wà tí oògùn kì í ká ìrora wọn. Nítorí tiwọn ni mi ò ṣe ń bú àwọn ará Netherlands. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yín, mi ò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti fún Bàbá ní oògùn ìrora tó tó.

Kí ẹ̀gbọ́n yín fi owó mọ́fíìnì àti ọkọ̀ ránṣẹ́ láti Kánádà. Kí Àǹtí wá máa sùn ti Bàbá ní Jímọ̀ àti Sátidé, kí ẹ̀yin náà lè rí oorun sùn.