Báwo ni nọ́ọ̀sì ọmọdé ṣe ń mọ̀ pé èémí ọmọ ti yára jù?

Ó máa ń ka iye ìgbà tí àyà tàbí ikùn ọmọ gbéra láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko, yóò sì fi í wé ọjọ́ orí rẹ̀. Èémí ti yára jù tó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5.

Ìyá ni kó gbé ọmọ lé itan, kí wọ́n ká aṣọ ọmọ náà sókè. Bó bá ń sunkún tàbí ń mu ọmú, iye yẹn kò ṣe é gbára lé. Èémí ọmọ ìkókó kì í lọ déédéé, nítorí náà bó bá tó 60, wọ́n á tún un kà. Tí ìsàlẹ̀ àyà bá ń wọnú gan-an bó ṣe ń fa èémí, ó ń tiraka láti mí nìyẹn, kódà kí iye náà má pọ̀.