Oppa kì í ṣe "olólùfẹ́"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin ni mí, ará Kòríà sì ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ṣé mo lè máa pè é ní "oppa"? Àbúrò mi obìnrin ní "olólùfẹ́" ló túmọ̀ sí nínú fíìmù. Báwo ni wọ́n sì ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọkùnrin kì í pe ọkùnrin ní oppa. Obìnrin ló ń fi í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Hyeong ni ọkùnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, nuna ni ó ń pe èyí tó jẹ́ obìnrin.

Ọ̀rọ̀ "olólùfẹ́" yìí ti sú mi. Lóòótọ́, obìnrin lè pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní oppa, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkùnrin náà jù ú lọ ni. Bó bá kéré sí i, kì í ṣe oppa rẹ̀. Obìnrin yìí kan náà á pe ọmọ ìyá rẹ̀ tó jù ú lọ ní oppa, á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á tún pe ẹ̀gbọ́n tó sún mọ́ ọn ní yunifásítì bẹ́ẹ̀, láìsí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Ìtumọ̀ "arẹwà òṣèré Kòríà" tó wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ní 2021, lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ fíìmù nílẹ̀ òkèèrè ló ti gbilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kòríà pọ́ńbélé ni oppa. Hyeong ló wá láti Ṣáínà. Ìbátan oppa ni orabi, tí obìnrin ayé àtijọ́ fi ń pe arákùnrin rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

"P" rẹ̀ ló ń dà wá láàmú. Bí a bá pe "pupa", ẹ̀yìn ahọ́n máa ń gbéra pẹ̀lú ètè. Ètè nìkan ni ti oppa: ẹ pa á dé, ẹ fún ọ̀fun pọ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá ṣí i láìfẹ́ atẹ́gùn. Ẹ gbé tíṣù síwájú ẹnu. Bó bá mì, ẹ tún un pè. "O" inú "owó" ni, kì í ṣe "ọ" inú "ọwọ́". Bí ẹ bá sọ ọ́ di "a", appa lẹ pè yẹn, bí ọmọdé ṣe ń pe bàbá rẹ̀.

Ní ti ọ̀gá yín, orúkọ ìdílé, oyè iṣẹ́, kí ẹ wá fi nim, tó jẹ́ ọ̀wọ̀, parí rẹ̀: Kim gwajangnim, bó bá jẹ́ olórí ẹ̀ka. Sajangnim ni olórí ilé iṣẹ́ pátápátá. Hyeong di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ pe òun bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nínú ìpàdé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti pa oyè tì, wọ́n ń fi nim mọ́ orúkọ lásán. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ará Kòríà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pè é.