Aago Bátìrì Ni Tàbí Ọtọmátíìkì, Fún Ẹni Tí Ń Lọ Síbi Iṣẹ́ Lójoojúmọ́ Ní Èkó?

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ yé mi. O fẹ́ ra aago ọwọ́ olówó ńlá kan tí wàá máa wọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí ọ́fíìsì rẹ ní Marina, owó tí o tọ́jú sì tó ra èyí tí ń lo bátìrì, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní quartz, tàbí ọtọmátíìkì tí ń fi ìjùwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ wáìn ara rẹ̀. Mo ti wọ oríṣi méjèèjì lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì rí ni pé bí o ṣe ń lo òpin ọ̀sẹ̀ rẹ, àti ẹni tí yóò máa bá ọ tún aago náà ṣe, ló yẹ kí ó pinnu ọ̀rọ̀ yìí.

Kí n kọ́kọ́ mú ti iyì kúrò nílẹ̀, èrò pé aago bátìrì kò níyì tó ọtọmátíìkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń há sí. Nígbà tí Seiko, ilé iṣẹ́ aago ti Japan, gbé Astron, aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tí a tà fún aráàlú, jáde ní Tokyo ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, iye rẹ̀ jẹ́ 450,000 yen, owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré nígbà náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni aago bátìrì tó di ọjà pọ́ọ́kú. Títí di òní, Cartier ń ta aago rẹ̀ tó ń jẹ́ Tank, èyí tí ń lo bátìrì, Grand Seiko sì ń ṣe quartz tí kì í yẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ láàárín ọdún kan. Kò sí ẹni tó mọ aago tí yóò fi ìwọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. O ní aago kan ṣoṣo lo fẹ́ rà, ṣùgbọ́n èyí aláwọ̀ wúrà tí o fi ń lọ òde kò ní tìtorí ìyẹn kúrò nílé, òun ni yóò sì bá aṣọ ẹbí lọ ní Sátidé. Bí o bá bọ́ ọtọmátíìkì sílẹ̀ ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí o tún fẹ́ wọ̀ ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé kí o lè ṣáájú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wákàtí 58 ti kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ọtọmátíìkì ti tẹ́lẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí 40 lọ lẹ́yìn tí a bá bọ́ wọn, nítorí náà yóò ti dúró kí ìsìn ọjọ́ Àìkú tó parí. Ní ìdájí Ajé, nígbà tí iná lè má sí, wàá wáìn ín, wàá tò ó sí àkókò, wàá sì tún déètì yí. Bí ó bá sì ṣe pé ìgbà tó sún mọ́ ọ̀gànjọ́ òru ló dúró sí, kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan déètì, nítorí láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, eyín inú rẹ̀ sábà máa ń ti kọ́ ara wọn láti pààrọ̀ ọjọ́, wọ́n sì lè kán. Àwọn kan wà tí irú ìtọ́jú báyìí dùn mọ́ nínú. Èmi kò sí lára wọn ní ìdájí ọjọ́ Ajé.

Ní ti pípé àkókò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọtọmátíìkì tí ó gba ìwé ẹ̀rí COSC, àjọ tí ń dán pípé aago wò ní Switzerland, lè fi ìṣẹ́jú àáyá 4 rẹ̀yìn tàbí kí ó fi 6 sáré lójúmọ́, nígbà tí aago bátìrì lásán sábà máa ń yẹ̀ ní bíi 15 lóṣù. Kò sí ọ̀gá tí yóò tìtorí ìyẹn lé ọ níṣẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì ni kí o ṣọ́. Ọtọmátíìkì mi kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lójúmọ́, lẹ́yìn tí ó ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Alágogo tí mo gbé e lọ bá gbé kọ́ńpáàsì kékeré kan ka orí tábìlì, ó sún aago náà mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ inú kọ́ńpáàsì sì yí fìrí. Ó fi ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ búlúù kan fa mágínẹ́ẹ̀tì náà kúrò níṣojú mi, kò pẹ́ rárá.

Àtúnṣe ni owó ti ń jò. Ní bí ọdún 5 sí 10, wọ́n gbọ́dọ̀ tú inú ọtọmátíìkì palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi epo tuntun sí i, nítorí náà béèrè iye ìtọ́jú yìí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á kí o tó sanwó. Ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, wàá rí ẹni tí yóò pààrọ̀ bátìrì lórí ìdúró, ṣùgbọ́n àwọn tí mo lè gbé ọtọmátíìkì olówó ńlá lé lọ́wọ́ kò pọ̀. Síbẹ̀, ṣọ́ ọwọ́ ẹni tí ń pààrọ̀ bátìrì náà. Rọ́bà dúdú kan wà ní etí ìdérí ẹ̀yìn aago, kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Bí ó bá ti gbẹ tàbí tí wọ́n dá a padà ní wíwọ́, òógùn àti òjò yóò wọlé. Bí ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, aago ń sọ fún ọ pé bátìrì ń tán lọ ni. Má ṣe fi òkú bátìrì sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ti ìyàwó mi pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀, omi bátìrì sì jẹ inú rẹ̀ kọjá àtúnṣe.

Bátìrì ni màá ní kí o rà. Ó sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ọtọmátíìkì lọ, ó ń wọ abẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò burú nígbà tí ọkọ̀ bá há sórí Third Mainland Bridge pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Bí ọkàn rẹ bá ṣì wà lára ọtọmátíìkì, wá èyí tí ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 70 lẹ́yìn tí o bá bọ́ ọ, irú èyí tí Tudor àti Rolex ń ṣe báyìí, kí o sì máa tọ́jú owó àtúnṣe rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Èyí tó wù kí o mú, má gba okùn aláwọ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, nítorí òógùn Èkó kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó máa rùn. Gba ti irin, jẹ́ kí wọ́n gé e mọ ọwọ́ rẹ níṣojú rẹ, kí o sì gba àwọn ẹyọ tí wọ́n bá yọ lọ sílé.