ESXi 7.0 kò rí káàdì Realtek: èsì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ESXi 7.0 (ètò VMware tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé) kò rí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Realtek yín. Ẹ yé wá dráífà r8168 (ètò tó ń jẹ́ kí ESXi lè lo káàdì Realtek) kiri, kò lè ṣiṣẹ́ lórí 7.0 tí ẹ ń gbé sórí sáfà yín. Orí vmklinux (apá ESXi tó ń jẹ́ kí dráífà Linux ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) ni wọ́n kọ ọ́ lé, wọ́n sì ti yọ vmklinux kúrò láti 7.0, ní 2020. Ohun tó fà á nìyẹn tí “No Network Adapters” fi ń yọ sí yín.

Ẹ ra káàdì Intel. Kì í ṣe gbogbo Intel náà ló ń wọlé o. Ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú Broadcom Compatibility Guide (àkójọ ohun èlò tí ESXi ń gbà, láti ọwọ́ Broadcom tó ni VMware) kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá jẹ́ pé káàdì mìíràn ló wà nínú sáfà náà:

1. Ẹ tẹ Alt+F1, ẹ wọlé pẹ̀lú root (orúkọ alábòójútó), kí ẹ wá tẹ vmkchdev -l.
2. Ẹ fi VID, DID, SVID àti SSID (àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì náà) tó gbé jáde wá a nínú Guide. Ẹ má gbára lé orúkọ ara páálí.

Bí kò bá sówó, Proxmox, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ESXi, ní r8169 (dráífà Realtek) nínú kernel (ọkàn ètò) rẹ̀.