Má Fa Síríǹjì Yẹn, Jẹ́ Kí Gáàsì Tì Í

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kẹ́mísìrì ni mò ń kà n'Íbàdàn, mo ń ṣe máàsítà. Ọ̀gá mi ní kí n fa n-butyllithium, oògùn kẹ́míkà olómi tó máa ń gbiná bó bá kan afẹ́fẹ́, 15 mL láti inú ìgò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ń fà á lọ́jọ́sí, èéfín ń rú lẹ́nu abẹ́rẹ́, iná sì ṣẹ́ pẹ́ẹ́. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Síríǹjì oníke 20 mL la ní.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ fo nǹkan kan ni. Bí ó bá ti fa iye tó fẹ́ tán, ṣe ló yẹ kó gbé ẹnu abẹ́rẹ́ kúrò nínú omi oògùn náà, kó fa gáàsì díẹ̀ lókè ìgò kó tó yọ ọ́. Gáàsì yẹn ló máa gba ẹnu abẹ́rẹ́, tí oògùn ò fi ní kan afẹ́fẹ́.

Síríǹjì yín gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní December 29, 2008, ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan ń fi síríǹjì oníke 60 mL fa tert-butyllithium, tó tún le ju tìrẹ lọ. Ọ̀pá síríǹjì yọ, oògùn tú jáde, iná sọ. Kò wọ kóòtù láàbù, súwẹ́tà tí kì í ṣe òwú ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kú ní January 2009.

Nítorí náà, wá síríǹjì 30 mL tí abẹ́rẹ́ ń lọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, má jẹ́ kó kọjá ìdajì. Di ìgò mọ́ irin kó má yí. Fi náítírójìn gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ gba ìdérí rọ́bà; gáàsì á ti oògùn sókè wọ inú síríǹjì, ọ̀pá rẹ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Tìrẹ ni kí o dì í mú kó má sáré.

Gbé asitóònì, tó máa ń tètè gbiná, kúrò nítòsí, kí yanrìn gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Omi kọ́ la fi ń pa iná yìí o. Má sì dá a ṣe.

Ní ti aṣọ, kì í ṣe gbogbo àńkárá Gbági ni òwú. Fa fọ́nrán kan yọ nílé, kí o sun ún: òwú á di eérú, polyester á yọ́, á dì kókó.